Yọ̀rọ̀ Inú Pákó: Ilé Adìẹ Kan ní Ìkìjà, Abẹ́òkúta

Igi ni ilé adìẹ yìí látòkè délẹ̀. Òpó rẹ̀ igi, ògiri rẹ̀ pákó, ilẹ̀ rẹ̀ pákó, àpótí tí adìẹ ń yé sí náà pákó. Páànù orí rẹ̀ àti nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé nìkan ni kì í ṣe igi. Ìkìjà ni Màmá tó ni ín ń gbé, kò jìnnà sí Olúmọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ti ń sin adìẹ ayéyìn, wọ́n tó bí ogójì. Ìdí àpáta ni wọ́n kọ́ ilé náà sí, torí ibẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú ọgbà. Ẹni tó bá ti gbé Abẹ́òkúta rí mọ bó ṣe ń rí: àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn bọ̀, ohunkóhun tó bá dúró níbẹ̀ ni yóò sì fara gbá a.

Oṣù keje ni Màmá ránṣẹ́ pè mí, nígbà tí òjò ń rọ̀ léraléra. Wọ́n ní ẹyin tó máa ń kún kíréètì kan lójúmọ́ ti wálẹ̀ dé ìdajì. Ogbe orí adìẹ tó máa ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ ti ṣì, ti àwọn mìíràn tilẹ̀ ti funfun. Wọ́n tún ní tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, adìẹ kì í fẹ́ wọlé mọ́. Orí igi máńgòrò àti orí ògiri ọgbà ni wọ́n ń sá gùn, àfi kí àwọn ọmọ ilé máa lé wọn kiri. Ẹni tó ń ta oògùn adìẹ fún wọn ti ta fítámì, ó ti ta oògùn àìsàn lóríṣiríṣi, kò sí èyí tó ràn án.

Ọ̀rọ̀ àìwọlé yẹn ló gba ọkàn mi ju ti ẹyin lọ. Adìẹ tó ń ṣàìsàn yóò máa wá ibi tó ṣókùnkùn, tó sì dákẹ́, láti lọ ba sí. Bí adìẹ bá ń sá fún ilé tó ti ń sùn tipẹ́tipẹ́, nǹkan kan wà nínú ilé náà tó ń dà á láàmú lóru. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí n padà wá lálẹ́.

"Alẹ́ kẹ̀, ọmọ mi? Kí lo fẹ́ rí lálẹ́ tí o kò lè rí lójúmọmọ?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ohun tí mò ń wá kì í jáde lọ́sàn-án ni."

Nígbà tí mo dé lálẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo mú ìwé funfun kan, mo fà á gba abẹ́ igi tí adìẹ ń bà lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà pupa gbọọrọ ló wà lára ìwé náà nígbà tí mo fà á jáde. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo wá tan iná sí ibi tí orí igi náà ti wọ inú ògiri. Ohun kan bí eérú tí wọ́n po ata gígún mọ́ wà níbẹ̀, eérú náà sì ń rìn. Màmá rí i. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ibi tí wọ́n ń sùn sí nìyí?"

Yọ̀rọ̀ ni. Kò gùn tó mìlímítà kan. Tí kò bá tíì jẹun, àwọ̀ eérú ló ní. Tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó di pupa. Lọ́sàn-án, inú sàn-án, ìyẹn àlàfo tóóró ara pákó, ló ń gbé, níbi tí ìṣó ti wọlé, níbi tí pákó méjì ti pàdé, lábẹ́ ìgbẹ́ gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ igi. Tí ilẹ̀ bá ṣú, yóò gun adìẹ, yóò mu ẹ̀jẹ̀ fún bí wákàtí kan, yóò sì padà sínú igi. Inú igi náà ló ń yé sí. Nínú ooru bí tiwa yìí, láti ẹyin di àgbà kò ju bí ọjọ́ 7 lọ. Ó sì lè wà láìjẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù, débi pé ẹni tó bá kó adìẹ rẹ̀ tà, tó ti ilé pa, tó wá kó tuntun wọlé lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, yọ̀rọ̀ àtijọ́ ni yóò pàdé wọn. Irú mìíràn wà tí kì í kúrò lára adìẹ tọ̀sán-tòru; ara adìẹ ni a ti ń bá ìyẹn jà. Lójúmọmọ ọjọ́ kejì, a tú ìyẹ́ ìdí àwọn adìẹ Màmá wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa wà lọ́dọ̀ igi.

Mo wá yẹ igi náà wò. Pákó arère ni wọ́n fi kọ́ ọ, èyí tí wọ́n là tí wọn ò fá ojú rẹ̀ kó dán. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn fún káfíńtà, àmọ́ ó máa ń mu omi, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ojú pákó ló rí gbágungbàgun, ìgbẹ́ adìẹ ti wọ inú àwọn ihò tíntìntín rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín pákó kan àti èkejì gba èékánná. Mo ti ọ̀bẹ bọ pákó ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí àpáta, ọ̀bẹ náà wọlé wọ́ọ́rọ́. Ó ti jẹrà. Ibẹ̀ tutù kódà nígbà tí òjò kò rọ̀ láti àná, ó sì ti bu. Òórùn amóníà pọ̀ débi pé omi ń bọ́ lójú mi kí n tó lo ìṣẹ́jú márùn-ún: ìgbẹ́ adìẹ tó bá ń tutù ṣáá ló ń mú amóníà jáde, ohun tó bá sì ń ta ènìyàn lójú ní ìdúró, ó ń pa adìẹ tó sùn ní ìsàlẹ̀ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni dúdú tó wà lára ògiri. Ní èèrùn tó kọjá, ikán fẹ́ wọlé, ẹnì kan sì gba Màmá níyànjú pé kí wọ́n fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù kun gbogbo inú ilé, títí kan àpótí ìyé. Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe é: kò wọ́n, gbogbo mẹkáníìkì ló ní in, igi òrùlé tí wọ́n bá kùn pẹ̀lú rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n adìẹ kì í gbé orí òrùlé. Adìẹ ń fi ẹnu sọ gbogbo ohun tó bá rí. Ọ́ìlì tó ti jáde nínú ẹ́ńjìnnì ti kó ìyẹ̀fun irin àti májèlé iná mọ́ra, èyí tó sì wọ ara adìẹ lè bá ẹyin jáde. Èèpo ẹyin pàápàá ní ihò tíntìntín tó lé ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Ẹ wá fojú inú wo ẹyin tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tó balẹ̀ sórí pákó ọlọ́ìlì. Ẹyin tí wọ́n ń kó lọ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni. Kò tilẹ̀ tún lé yọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí ọ́ìlì náà gbẹ, eruku àti ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ó di èèpo dúdú lójú igi, abẹ́ èèpo náà ni mo ti bá wọn.

Àwọn ọmọ ilé ti fọ́n oògùn ẹ̀fọn, DDVP, sínú ilé náà pẹ̀lú, adìẹ sì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré 100 ml rẹ̀, torí àwọn ènìyàn tó ń pa. Ó pa yọ̀rọ̀ tó wà ní gbangba lóòótọ́. Ẹyin tó wà nínú sàn-án kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìjókòó tí a ṣe lórí rẹ̀ gùn díẹ̀. Ọ̀gá káfíńtà tó kọ́ ilé náà wà níbẹ̀, ó ní Solignum, oògùn ikán tí wọ́n ń kùn sára igi, ni kí a lò, ó ti fi kun àìmọye ilé. Mo ní, "Ọ̀gá, fún ẹsẹ̀ òpó níta, mi ò bá yín jiyàn, tí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí adìẹ tó sún mọ́ ọn. Nínú ilé, ẹ jọ̀wọ́, rárá." Oògùn tó lè pa ikán nínú igi kì í ṣe ohun tí a ń kùn síbi tí ẹran tí à ń jẹ ẹyin rẹ̀ yóò ti máa fẹnu sọ. Ó rò ó, ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni a ó wá fi dáàbò bo igi?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ aládìẹ lọ́nà. Ohun tí wọn yóò kùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rò. Lójú tèmi, ìkùn ló yẹ kó kẹ́yìn. Igi tó gbẹ kì í tètè jẹrà, ikán kì í sì í yára sún mọ́ ọn. Igi tó dán, tí kò ní sàn-án, yọ̀rọ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí níbẹ̀. Tí méjèèjì bá ti wà, ohun tí a kùn yóò ṣiṣẹ́. Tí wọn kò bá sí, kò sí ọ̀dà tó lè gba ilé náà là.

A gbà láti dúró de oṣù kẹjọ. Òjò máa ń sinmi díẹ̀ nígbà náà lọ́dọ̀ wa, oòrùn sì máa ń ráyè yọ. Kò sí ọgbọ́n tí a lè fi gbẹ pákó nínú òjò oṣù keje. Kí oṣù náà tó dé, a kó adìẹ sí gáréèjì, a fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú rẹ̀. Dókítà ẹran kan wá wò wọ́n, ó fún wọn ní oògùn ara, ó sì sọ iye ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹyin wọn. Màmá tẹ̀lé e, wọ́n da gbogbo ẹyin ọjọ́ wọ̀nyẹn nù, bó tilẹ̀ dùn wọ́n.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ti fẹ́ gbé omi wá. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Tí omi bá kan ìgbẹ́ gbígbẹ, yóò di ẹrẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì yóò sì máa ti ẹrẹ̀ náà wọ inú igi. Gbígbẹ la ti kọ́kọ́ ń họ ọ́. A bo imú, a kó gbogbo èérún pákó tó wà nílẹ̀ sínú àpò, a dì í lẹ́nu, a gbé e jìnnà. A tú igi ìbàlé àti àpótí ìyé kúrò pátápátá. Ọ̀bẹ tí àwọn apẹ̀ǹtì fi ń họ ògiri ni a fi họ pákó, ìṣó gígùn ni a sì fi ń kọ inú sàn-án kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn kò yá. Ihò tí orí igi ìbàlé ti wọ ògiri ni a pẹ́ sí jù. Nígbà tí ọ̀gá káfíńtà fi òòlù ṣí i, ohun tó tú jáde níbẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́: yọ̀rọ̀ ààyè, òkú yọ̀rọ̀, èèpo ara tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ẹyin funfun wẹ́wẹ́. Omi híhó ni a dà sí ihò náà àti sí gbogbo oríkèé igi. Yọ̀rọ̀ kì í fara da ooru irú ìyẹn, májèlé kankan kò sì ní ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí omi bá gbẹ. Ẹnì kan dábàá pé kí a fi iná jó ojú pákó. Nínú ilé igi tí ọ́ìlì ti wọ̀ lára? A kò gbìyànjú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a fi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi díẹ̀ fọ ọ́, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀lé bí igi ṣe hù. Kì í ṣe omi tí ẹ̀rọ ń tì jáde pẹ̀lú agbára; ìyẹn máa ń ti omi wọ inú lọ́hùn-ún, yóò sì pẹ́ kó tó gbẹ.

Ọmọ Màmá ọkùnrin ti ra Hypo sílẹ̀. Kò burú, mo kàn sọ ibi tó yẹ kó lọ. Hypo máa ń lo agbára rẹ̀ tán lórí ìdọ̀tí àti lórí igi fúnra rẹ̀, kó tó kan kòkòrò àìsàn. Èyí tó léwu jù ni pé tó bá pàdé amóníà inú ìgbẹ́ adìẹ, ó ń di afẹ́fẹ́ olóró tó lè sé ènìyàn léèémí nínú yàrá kékeré. Ọpọ́n omi àti ọpọ́n oúnjẹ rọ́bà ni a fi Hypo fọ̀, níta, lẹ́yìn tí a ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, a sì fi omi ṣàn wọ́n dáadáa.

A ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí pákó gbẹ. Nígbà tí a bá kàn án, tó ń dún kó, tí kò dún bù mọ́, ni ọ̀gá káfíńtà tó mú ayùn. Ó gé pákó ìsàlẹ̀ tó jẹrà kúrò, ó gbé ẹsẹ̀ òpó lé orí bulọ́ọ̀kù kí igi má bàa fara kan ilẹ̀, ó sì fa páànù òrùlé gùn síta ní apá ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ilé gbẹ́ ojú àgbàrá láàárín àpáta àti ilé adìẹ, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tó ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, kòtò yẹn ni n ó tọ́ka sí, kò sì ná Màmá ní kọ́bọ̀. Káfíńtà po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ èérún pákó tó kúnná, ó fi dí gbogbo sàn-án, ó fá ojú rẹ̀ kó dán.

Láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń ṣe láti ara òkúta, ni a kùn. Irú tó yẹ ni èyí tí wọ́n ti sun, tí wọ́n sì ti fi omi pa. Ẹ ṣọ́ra níbí o, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní láìmù fún àwọn olóko àti ọlọ́sìn ẹja jẹ́ òkúta lílọ̀ lásán, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò yẹn, tí iná kò kàn. Ìyẹn kò lè pa nǹkan kan. Èyí tí a sun máa ń ta, ó lè fọ́ ojú, ó lè bó ara, nítorí náà a wọ ìbọ̀wọ́, a sì bo ojú. A fi omi pò ó, a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ igi, a fi búrọ́ọ̀ṣì tì í wọ gbogbo oríkèé, a jẹ́ kó gbẹ, a tún kun ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó ṣe ń gbẹ, atẹ́gùn ń sọ ọ́ di òkúta padà, ó ń dí àwọn ihò kéékèèké, funfun rẹ̀ sì ń jẹ́ kí a tètè rí ohunkóhun tó bá ń rìn.

Ibi tí ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù wà kọ̀ ọ́. Láìmù gbẹ níbẹ̀, ó sì ń ré sílẹ̀ bí èèpo, torí igi tó ti mu ọ́ìlì kò lè mu nǹkan mìíràn mọ́. A gbé àpótí ìyé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀gá káfíńtà wá kan àpótí tuntun. Ti ògiri, ó fi ẹ̀rọ fá ojú pákó náà títí tó fi dé ibi tí igi ti mọ́, a wá tún un kùn. Èérún tó fá jáde níbẹ̀, a kò jẹ́ kí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ fún adìẹ, a kò sì jẹ́ kí wọ́n fi dáná.

Igi ìbàlé, a kò kun nǹkan kan sí i. Ọ̀gá káfíńtà fá a, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ yípo kó má bàa pa àtẹ́lẹsẹ̀ adìẹ lára, ó sì kàn án bí àga gígùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó dá dúró láàárín ilé, tí kò fara kan ògiri níbikíbi. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo mílíìkì tí òróró díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Yọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ gun adìẹ lóru ní láti la òróró náà kọjá. Abẹ́ rẹ̀ ni a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà sí, ìgbẹ́ òru ń bọ́ sórí rẹ̀, wọ́n ń fà á jáde ní gbogbo Sátidé, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a tún da omi híhó sí gbogbo oríkèé, a tún kun láìmù, torí ẹyin tí a kò rí ní ìgbà àkọ́kọ́ yóò ti pa nígbà yẹn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ tán ni a kó adìẹ wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lé wọn. Ẹyin kò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ogbe wọn ló kọ́kọ́ pọ́n, ẹyin wá tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, kíréètì sì ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kún padà nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án dé. Òjò yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ṣùgbọ́n pákó ẹ̀yìn gbẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá ló ń fa ìwé funfun gba abẹ́ igi fúnra wọn báyìí. Wọ́n rí ìlà pupa kékeré kan rí, ní igun àpótí ìyé. Wọ́n da omi híhó sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó pè mí. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ọyẹ́. Pákó tuntun máa ń sán nígbà ọyẹ́, ibi tí a dí lè tún ṣí, nítorí náà ọ̀gá káfíńtà ti ṣèlérí láti wá ní oṣù kìn-ín-ní, kó tún sàn-án dí kí a tó kun láìmù mìíràn.